Yanrìn Ilé Bàbá Ngozi

Ìró àáké ni ó jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé tí mo ń sọ yìí. Kò, kò, kò, bí ẹni ń la igi lẹ́yìn ilé. Mo ní ta ni ó ń gé igi ní Ngwo níbí, lórí òkè Enugu, nígbà tí ó jẹ́ pé gáàsì ni gbogbo wa fi ń dáná? Mo wọ bàtà, mo jáde sí pálọ̀. Kò sí àáké kankan níbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ọmọ ọmọ mi ni ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí àwọn ènìyàn wínníwínní bí èèrà ń gé igi nínú rẹ̀, wọ́n ń rù ú lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi, nítorí ìwé tèmi kò pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Gémù ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ìbọn lé ara wọn kiri. Ìlú ni wọ́n ń tẹ̀dó nínú rẹ̀, ìlú ayé àtijọ́. Wàá rán àwọn kan lọ sóko, wàá rán àwọn kan lọ fọ́ òkúta, wàá mọ odi yí ìlú ká, wàá sì kó ọmọ ogun jọ. Ọ̀tá kò ní í dúró dè ọ́. Bí o ti ń kọ́ tìrẹ ni òun náà ń kọ́ tirẹ̀ ní ìhà kejì, ẹni tí ó bá sì lọ jẹun láì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, eérú ni yóò bá nílé. Gémù náà ti jáde rí, ó tún jáde, ó tún jáde. Èyí tuntun ni wọ́n ń retí.

Morẹ́nikẹ́, tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ń pè ní Kamsi nítorí pé Ìgbò ni ọkọ ọmọ mi, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Adanna tí ilé wọn wà ní GRA, láti ìgbà òjò ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Wọ́n á máa wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á máa jiyàn. Erin á wà níbẹ̀. Erin kò ní í sí níbẹ̀. Odi ìlú á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adanna á wà ní GRA, tiwa á wà lórí òkè níbí, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́. Ó sì jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ lóòótọ́. Mo ń retí ariwo ayọ̀, òṣé ni mo gbọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó, kò lè gbé e.

"E no gree carry am, Mama," ni ó wí, ó kọjú sí ògiri.

Ti Adanna ńkọ́? Bàbá Adanna ti ra tuntun fún un. Bí fóònù ti ń dún láti GRA tó, Morẹ́nikẹ́ kò gbé e. Gémù àtijọ́ ni ó ṣí sílẹ̀ tí ó fi ń gé igi bí ẹni igi ṣẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ọ́."

Ó ní, "Make she dey play am with her GRA people."

Mo wo ojú rẹ̀. Owú ni. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ni.

Ní Ogui New Layout ni àwọn òbí mi ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìyá mi ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, ohun tí ó sì wó ní Enugu, wọ́n ń tún un kọ́ díẹ̀díẹ̀. Yàrá kan ni àwa, yàrá kan ni àwọn Ngozi tí wọ́n múlé tì wá. Tísà ni bàbá Ngozi, ó sì ní ilẹ̀ kan ní òdìkejì títì tí ó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan sí. Ẹ̀yin ọmọdé ìwòyí lè máà mọ bí tísà ti ń kọ́lé. Ọwọ́ rẹ̀ á tẹ nǹkan, á pe típà yanrìn kan, wọn á mọ ilé dé ojú fèrèsé, iṣẹ́ á dúró. Koríko á hù nínú pálọ̀. Aláǹgbá á kó ẹbí wọlé. Títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tún tẹ nǹkan.

Típà yẹn ni àwa ń retí. Kò sí ọdún, kò sí Kérésì tí a retí tó o. Bí a bá gbọ́ ọkọ̀ ńlá kan tí ó ń kérora bọ̀ láti títì, èmi àti Ngozi á ti ta kìjí sóde, á sì jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́tí lásán. A ó padà wọlé, a ó tún máa jiyàn. Yanrìn odò ni yóò jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, àbí yanrìn pupa? Ti odò tutù, ó funfun, ó dára láti gbẹ́ yàrà ìlú, ṣùgbọ́n odi tí a bá fi mọ kì í lọ́jọ́ lórí. Pupa ni ó ń dúró. Ngozi ní lọ́tẹ̀ yìí ẹnu ibodè méjì ni a ó ṣe. Mo ní ọ̀kan tó, ta ni yóò máa ṣọ́ ìkejì? A lè jà nítorí ibodè ìlú tí típà kò tíì gbé wá.

Nígbà tí ó bá wá dé, tí ó gbé ẹ̀yìn sókè tí ó da òkìtì yẹn sílẹ̀ gìrìrì, ẹ ò rí ẹwà. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ni tiwa, ìhà kejì ni ti àwọn ọmọkùnrin. Òkúta wẹ́wẹ́ ni àgbẹ̀. Èkùrọ́ ni ọmọ ogun. Ọba wa sì ni bọ́tìnì pupa kan láti inú agolo ìyá mi, ara kóòtù obìnrin kan tí kò padà wá gba aṣọ rẹ̀ ni a ti tú u. Bí a ti ń mọ odi ni àwọn ọmọkùnrin náà ń mọ tiwọn, bí èmi bá lọ pọnmi, Ngozi ni yóò jókòó ti ìlú, nítorí wọn kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹ jẹ́ á sinmi.

Ìlú wa kì í pẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ń kó o. Ọ̀gá Linus bírìkìlà ni. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, á gbé asẹ́ rẹ̀ ti igi, á ti ṣọ́bìrì bọ àárín ìlú. Ààfin tí a fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́, ṣọ́bìrì kan péré. Yanrìn á gba inú asẹ́ kọjá, gbogbo ará ìlú á ṣẹ́kù sójú rẹ̀, àgbẹ̀ àti ọmọ ogun, á dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Una come pack una people! War don finish!"

A ó lọ ṣa wọ́n, a ó fọ̀ wọ́n, a ó kó wọn pamọ́ de típà mìíràn.

Yanrìn tí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù ìgbẹ̀yìn ilé yẹn ni ó gbé ọba wa lọ. A ṣa èkùrọ́, a ṣa òkúta, a kò rí bọ́tìnì. Ojú asẹ́ ti já níbì kan, ó ti bá ibẹ̀ bọ́. A tú gbogbo òkìtì yanrìn tí ó kù, Ọ̀gá Linus lé wa títí. Mo bú sẹ́kún. Bọ́tìnì mi ni, inú agolo ìyá mi ni mo ti mú un. Ngozi wá nu ojú mi, ó ní kí n má sunkún, kò sọnù, ó ti wọ inú ilé wa.

Ilé wa! Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ti kúrú tó. Ọjọ́ yẹn ni ó tó yé mi pé gbogbo ìlú tí a jọ ń kọ́ láti ìgbà yìí wá, ilé bàbá ẹnì kan ni ó ń di.

Àwọn Ngozi kó lọ nígbà ọyẹ́. Wọ́n ń gbé ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì sọdá títì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, mo kọ̀yìn sí wọn. Mo jowú fèrèsé wọn. Mo jowú géètì wọn, àti kọ́kọ́rọ́ tí ìyá rẹ̀ so mọ́ ìdí ìró. Mo tilẹ̀ jowú àwọn aláǹgbá, nítorí pé àwọn ti gbé ilé náà rí, wọ́n sì ń wọlé láì kanlẹ̀kùn. Ngozi ránṣẹ́ pè mí, mo ní orí ń fọ́ mi. Ó tún pè, mo ní inú ń run mí. Ìyá mi gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí owú bá ṣe é sè ni, à bá ti jẹun yó nínú ilé yìí." Ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ngozi fúnra rẹ̀ wá dúró sí àárín títì, ó fọwọ́ méjèèjì kọ́ ìbàdí, ó lọgun ní Yorùbá tí mo kọ́ ọ:

"Ọba ẹ wà nílé wa! Ó ń bínú! Ó ní o ò wá kí òun!"

Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa mí kí n tó rántí pé mò ń bínú. Mo dìde, mo tẹ̀lé e sọdá. A kò mọ búlọ́ọ̀kù tí ọba wọ̀, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, yàrá sí yàrá, ìdí ilé ìdáná, à ń gbé etí lé ògiri, à ń kúnlẹ̀: "Kábíyèsí o! Kábíyèsí o!" Bàbá rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó bèèrè bóyá oòrùn ti wọ̀ wá lórí. Láti ọjọ́ náà, n kò kanlẹ̀kùn ilé yẹn rí. Ọba mi ni mo wá kí.

A kò kọ́ ìlú mọ́ o. Yanrìn ti tán. Àwa náà dàgbà, Ngozi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kamẹrúùnù, kò sí fóònù nígbà náà tí a lè fi wá ara wa. Bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kú, ilé bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò mọ ibi tí ó wà lónìí.

Ohun tí mò ń rò nìyẹn ní pálọ̀, tí fóònù Morẹ́nikẹ́ fi tún dún. Ohùn ni Adanna fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Morẹ́nikẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì kọjú sí ibòmíràn bí ẹni tí kì í ṣe òun ni ó tẹ̀ ẹ́.

"Kamsi, abeg na. I never open am. E just dey there since yesterday. I no know where we go put gate."

Ọmọ náà tún un tẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ni ó ṣèèṣì. Mo ní kò burú, wọ bàtà rẹ.

A wọ bọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ láti Ngwo, a bọ́ sí Ogui, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí GRA. Kẹ̀kẹ́ gba iwájú ilé bàbá Ngozi kọjá. Wọ́n ti kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n ń ta fóònù nísàlẹ̀, kọ́tìnì aláràbarà wà ní fèrèsé òkè, ẹnì kan sì ń sá aṣọ. Mo tẹrí ba díẹ̀.

"Mama, who you dey greet?"

Mo ní ẹnì kan tí mo mọ̀ rí ni.

Adanna ti dúró dè wá lẹ́nu géètì. Ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ ni ó fà wọlé. Wọ́n ti gbé àga méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí n tó jókòó, ìjà ibodè ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní méjì, ọ̀kan ní ta ni yóò máa ṣọ́ ìkejì? Àáké bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, mo sì ń jowú. N kò ní í purọ́ fún yín. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ṣú, nǹkan kan wà tí àwọn á tẹ̀, ìlú náà á dúró bí wọ́n ti fi í sílẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á bá a. Kò sí Ọ̀gá Linus, kò sí asẹ́. Ẹnì kan ìbáà lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n á ṣì jọ máa ṣọ́ odi ìlú wọn. Ká ní a rí irú èyí nígbà tiwa! Òótọ́ ni pé ìlú tiwa, ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Òjò ń pa á, kò wó, wọ́n fi kọ́tìnì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò mú owú náà kúrò. Ẹni tí ó ń sá aṣọ lókè yẹn kò mọ̀ pé ọba ń bẹ lẹ́yìn òun.

Adanna ní, "Mama, you no go play?"

Mo ní ẹ máa ṣe tiyín. Èmi náà ní ẹni tí mò ń dúró dè. Kò ì dé, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.