Wáyà Pírintà

Ọkùnrin tó ta píánò oníná náà fún mi sọ ohun mẹ́rin, mẹ́ta nínú wọn kì í sì í ṣe òótọ́. Ó ní ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti píánò onígi. Ó ní gbogbo wáyà tí mo nílò ti wà nínú páálí. Ó ní bí mo bá fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ̀kẹrin tó jẹ́ òótọ́ ni pé ó wúwo.

Ìyá mi ni mo rà á fún. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì. Láti kékeré mi ni píánò onígi kan ti wà nínú pálọ̀ wa ní Festac, èyí tó rà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń padà sí ìlú òyìnbó. Ikán ló jẹ ẹ́. Wọ́n gba abẹ́ ògiri tó kọjú sí kánà, ojú omi tí ìjọba gbẹ́ sẹ́yìn ilé wa, wọlé, wọ́n jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n jẹ inú rẹ̀, a ò sì mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọwọ́ òsì ìyá mi tẹ ohun kan tí kò dún. Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ sí àwọn tó yẹ kó máa tọ́jú kánà yẹn, wọn ò fèsì ẹyọ kan. Láti ìgbà tí a ti gbé òkú píánò náà jáde, ìyá mi ò fọwọ́ kan ohun èlò orin kankan mọ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbà.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé tuntun wọlé. Ìyá mi tẹ ẹyọ kan, ó tẹ òmíràn, ó dẹ etí.

"Agolo ni," ló wí, ó sì fa aṣọ bò ó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n wá gbé e fún kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ wọn máa dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè di ìgbà náà. Ó ní kí n máa ṣe é lọ, pé agolo ò lè di igi.

Èmi ti kà á níbì kan pé ó lè di igi. Ètò kan wà tí èèyàn ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, ohùn píánò onígi gidi ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń dún tí a bá fọwọ́ bà á jẹ́jẹ́ àti bó ṣe ń dún tí a bá gbá a. Bí a bá so píánò oníná mọ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tirẹ̀ ò ju pé kó ròyìn lọ: ìka ti tẹ ibí, ó tẹ̀ ẹ́ báyìí. Kọ̀ǹpútà ni yóò sọ̀rọ̀. Ó rí bí oníwàásù àti ògbufọ̀ rẹ̀, àmọ́ tí oníwàásù kàn ń juwọ́, tí ògbufọ̀ nìkan ń lanu. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe nínú pálọ̀ wa.

Láàárọ̀ Jímọ̀ mo lọ sí Agboju lọ ra wáyà. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, mo ní wáyà píánò ni mo fẹ́, wọ́n sì fún mi ní èyí tí orí rẹ̀ rí roboto bíi ti íyápíìsì. Mo délé, kò wọlé. Ojú ihò tó wà lẹ́yìn píánò náà ní igun mẹ́rin, wọ́n wá gé igun méjì òkè dànù. Mo yà á ní fọ́tò, mo padà. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò gba ọjà padà. Mo sọ èrò mi nípa ìyẹn fún un ní kíkún.

Ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti obìnrin kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ó wo fọ́tò mi fìrí.

"Wáyà pírintà lẹ ń wá, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní mi ò ní pírintà.

"Mi ò bi yín bóyá ẹ ní pírintà. Mo ní wáyà pírintà lẹ ń wá."

Mo ṣàlàyé fún un pé ohun èlò orin ni, pé kò kan ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Ó fa wáyà yọ lẹ́yìn pírintà tirẹ̀, ó sì gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò mi. Igun mẹ́rin, wọ́n gé méjì òkè.

"Ẹ máa ṣọ́ra o," ló wí bó ṣe ń mú tuntun sílẹ̀ fún mi, "kí orin má lọ máa jáde lórí bébà."

Àwọn tó ń dúró de fọ́tókọ́pì bú sẹ́rìn-ín. Ó bí mi nínú, àmọ́ òun ló jàre. Ìwé tó wà nínú páálí fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pe wáyà yẹn. Ẹnì kankan ò ronú láti kọ orúkọ tí a fi ń pè é ní Agboju síbẹ̀.

Ní Sátidé, kọ̀ǹpútà rí píánò lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí ètò náà, mo sì gbé ohùn rẹ̀ gba inú sípíkà tí ìyá mi fi ń gbọ́ àdúrà òwúrọ̀. Mo tẹ ẹyọ kan. Agolo dún, igi sì dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ń gbè é?" ìyá mi béèrè láti ilé ìdáná.

Oníwàásù ò dákẹ́, ògbufọ̀ náà sì ti ń sọ tirẹ̀. Mo yí ohùn píánò fúnra rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi dákẹ́ pátápátá. Igi nìkan ló kù. Ó dára, àmọ́ ó ń pẹ́. Ìka mi á tẹ̀, á gbéra, kí ohùn tó dé. Mo gbìyànjú orin kan tí ìyá mi kọ́ mi, mi ò lè dé ìlà kejì. Mo wá gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀sùn méje sí ọkùnrin tó ta píánò. Pípẹ́ tí ohùn ń pẹ́ yẹn ni ẹ̀sùn karùn-ún.

Bí mo ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá mi jókòó sídìí píánò náà. Ó tẹ orin ìsìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kọsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣíwájú, ohùn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni èèyàn ti ń tẹ dùrù, ṣùgbọ́n àwọn fèrè tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde wà lókè ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn pátápátá. Bí èèyàn bá dúró gbọ́ ohùn kó tó tẹ òmíràn, ìjọ á ti kọrin kọjá lọ. Gbólóhùn kan ni olùkọ́ òun máa ń sọ: "Má dúró dè é, ó ń bọ̀." Mi ò gbọ́ nípa olùkọ́ yẹn rí láyé mi. Mo gbàgbé fóònù lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó yá, mo parí ẹ̀sùn náà, mo sì fi ránṣẹ́. Èsì ọkùnrin tó ta píánò wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ṣé sípíkà Bùlútúùtù ni mo ń lò? Òun ni. Ó ní ibẹ̀ ni ohùn ti ń pẹ́, kí n lo wáyà. Mo pa ẹ̀sùn karùn-ún rẹ́. Mẹ́fà yòókù ṣì wà níbẹ̀.

Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ sípíkà ńlá tó wà lábẹ́ tẹlifíṣàn. Ìyá mi tẹ ẹyọ kan, ohùn sì bá ìka rẹ̀ dé. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó gbọ́ bí igi kékeré ṣe ń kan wáyà nínú lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ìró tó ń kú lọ lára ògiri kan tí kì í ṣe ògiri wa.

"Yàrá wà nínú rẹ̀," ló wí. "Ibo ni?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mo sọ fún un pé ẹnì kan ló jókòó níbì kan tó tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, léraléra. Ó béèrè bóyá kò rẹ ẹni náà. Ó wá ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lórí ọ̀kan.

"Láà yìí ò jókòó dáadáa. Ìkánjú ni ẹni tó tún ohùn píánò wọn ṣe fi ṣe é."

Lójú tèmi kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ èyí tó wà lókè rẹ̀, ó tún padà tẹ̀ ẹ́, títí èmi náà fi gbọ́ ọ: ó rọ̀ sílẹ̀ bíńtín.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí fún mi.

Ìyá mi kan náà tó máa ń fi ìwé ẹ̀sùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ìyá mi ò dìde, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Sọ fún wọn pé mo ṣì ń bá a jà."

Mo jáde lọ bá dírẹ́bà, bàbá àgbà kan tó mọ ìyá mi dáadáa, mo sì jíṣẹ́ bó ṣe rán mi. Ó gbọ́ láà yẹn lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ó bi mí pé ta ló ṣẹ Màmá. Mo ní a ò tíì mọ orúkọ ẹni náà, àmọ́ a máa wá a rí.