Àlejò Tí Wọ́n Ní Kí N Sin

Ọ̀kà ni mò ń gbé, nílé ìyá àgbà mi, lábẹ́ àpáta. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àpáta yẹn kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí yàrá kan tí mo háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù Àlàájà kan tó ń ta ẹní àti búùtà. Sólà wà lórí òrùlé wọn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì máa ń yá níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí mò ń tọ́jú gan-an kò sí ní Ìkàrẹ́, kò sì sí ní Ọ̀kà. Èkó ló wà, nínú yàrá tútù kan tí n kò fojú ara mi rí rí.

Kọ̀ǹpútà ńlá ni, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lò. Mẹ́ńfíréèmù ni wọ́n ń pè é. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí lápútọ́ọ̀pù tèmi ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà inú yìí kò ní ara tiwọn. Linux ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, olúkúlùkù sì gbà pé òun nìkan ló wà láyé, pé òun ló ni irin tí òun ń lò. Irọ́ ni. Ètò kan wà lókè gbogbo wọn tó ń pín agbára fún wọn, tó lè dá wọn dúró láàárín ọ̀rọ̀, kó sì tún jí wọn, tí wọn kò ní mọ̀ pé àwọn sùn. Àlejò ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń pe àwọn kọ̀ǹpútà inú yìí, ọ̀gá mi sì sọ ọ́ di Yorùbá fún wa. Ètò tó wà lókè, ó sọ ọ́ ní onílé.

Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí lára mi, kí ẹ má baà rò pé mò ń ṣe àṣejù nígbà tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ. N kì í bẹ̀rù ẹ̀rọ. Mo kàwé nípa rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń wo àwọn àlejò wọ̀nyẹn lójú dúdú orí lápútọ́ọ̀pù tí a fi ń bá onílé sọ̀rọ̀, tí mo rí wọn tí wọ́n tò lórúkọ-lórúkọ, èyí ń ṣiṣẹ́, èyí ń sinmi, mo máa ń ronú pé, èmi náà ńkọ́? Ta ló sọ fún mi pé ẹnì kan kò dá mi dúró lánàá? Lẹ́yìn náà ni màá bú ara mi, màá sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó máa ń dààmú ni mí. Ìyá àgbà mi ní láti kékeré ni.

Wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ṣì ń dán mi wò. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi dá mi lẹ́jọ́ nìyí: ẹ̀rọ ńlá náà ti gbó, wọ́n ti ra tuntun, kí n sì kó gbogbo àlejò kúrò nínú ti àtijọ́ kí wọ́n tó pa á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí. Àlejò tó bá ní olówó, ẹni tó lè dìde pé òun ló ni ín, kí n kó o lọ sínú tuntun. Èyí tí kò bá ní olówó, kí n pa á rẹ́ tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí mo bá pa èyí tí kò yẹ rẹ́, kò sí bí a ṣe lè rí i mọ́. Tí mo bá sì kó èyí tí kò yẹ lọ, wọ́n á ní mi ò lè tẹ̀ lé àṣẹ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì lè lé mi padà sílé ìyá àgbà mi láìníṣẹ́.

Ọmọ Àjọwá ni ọ̀gá mi. Nílé wọn, èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ilé-ìwé ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì máa ń fi ṣeré bí ẹni tó ra aṣọ tuntun. Kíkó àlejò láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ó ní a ń sìn ín ni, bí èèyàn ṣe ń sin àlejò dé ojú títì. Pípa á rẹ́, ó ní a ń sin ín ni, bí òkú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí i. Kò sì fa wàhálà kankan, torí pé ó máa ń sọ pé “sìn ín dé ilé tuntun,” ó sì ti yé wa.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú débi pé nígbà tí mo jáde ní Ọ̀kà, n kò rí àpáta tó wà lókè ilé wa. Òfìfo funfun ló wà níbi tó yẹ kó wà. Ní Ìkàrẹ́ náà, ohùn ènìyàn ni mò ń gbọ́ lójú títì kí n tó rí ẹni tó ni ín. Mo jókòó, mo kó àwọn àlejò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ku ẹyọ kan. Lẹ́tà mẹ́ta tí kò nítumọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kò ní olówó. Kò sẹ́ni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì jí sílẹ̀.

Mo bi ọ̀gá mi. Fóísì nóòtù ló fi dá mi lóhùn: “Àbúrò, bá mi sin àlejò tó kù yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mò ń wọ ìpàdé.” Nígbà tí mo pè é, fóònù rẹ̀ ti kú.

Mo gbọ́ fóísì náà títí etí fi ń dùn mí. Kò sí “dé ilé tuntun” níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Àlàájà, mo sì gbé e sí wọn létí.

“Sin àlejò?” Wọ́n gbé ẹní tí wọ́n ń ká sílẹ̀. “Lá iláà! Ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú, mà. Kọ̀ǹpútà ni.”

“Ìyàwó kọ̀ǹpútà, ṣé ọkọ ẹ ló kú?”

“Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un gbọ́. Ṣé bíi kéèyàn sin òkú ni, àbí bíi kéèyàn sin àlejò sọ́nà?”

Wọ́n tún un gbọ́, ojú wọn wá yí padà. “Ọ̀kan náà kúkú ni létí,” wọ́n ní. “Tó bá sọ pé ‘sìn ín’ tàbí ‘sin ín’, màá mọ̀. Ṣùgbọ́n ‘sin àlejò’? Ọ̀kan náà ni. Mi ò ronú ẹ̀ rí.” Wọ́n dá fóònù mi padà fún mi bí ẹni pé ó gbóná. “Gbé e kúrò níwájú ọjà mi.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àṣé láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ Yorùbá, bí mo bá ń sin àlejò jáde nílé wa, ẹni tó bá fetí kọ́ mi lẹ́yìn ògiri lè rò pé mò ń gbẹ́ ilẹ̀.

Mo padà sókè. Mo ronú pé, bóyá ẹnì kan ṣì ń lo àlejò yìí tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Onílé máa ń jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí àlejò. Ojú dúdú yẹn kò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì ìsàlẹ̀, lẹ́tà ńlá lásán ló mọ̀. Mo kọ ọ́ pé: E KU ISE O.

Èsì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

MO N BO.

Ọwọ́ mi fò kúrò lórí lápútọ́ọ̀pù. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rù tó bà mí, torí kì í ṣe irú èyí tó ń múni sáré. Irú èyí tó ń mú kéèyàn jókòó dáadáa ni, kó má ṣe ariwo. Mo mọ̀ dájú pé ètò kékeré kan ló ń dáhùn, pé ẹnì kan ló kọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ara mi bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ pé: TA NI?

MO N BO.

Mi ò kọ nǹkan kan mọ́. Ìlẹ̀kùn yàrá náà wà lẹ́yìn mi, kì í sì í pa dé dáadáa. Ìsàlẹ̀ dákẹ́, Àlàájà ti lọ kírun. Mo ń pe ọ̀gá mi, mo ń pè é ṣáá, títí ó fi gbé e.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sìn ín ni, àbí kí n sin ín?”

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. “Èmi náà ò mọ èyí tí mò ń wí,” ó ní. “Mo mọ̀ pé o máa béèrè.”

“Ta ló ni ín, sà?”

“Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí kí o tó dé. Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Wọ́n ti sọ fún mi nígbà tí wọ́n gbà mí pé ẹni náà ti lọ. Èmi rò pé iṣẹ́ mìíràn ló rí. Mo bi ọ̀gá mi pé ibo ló lọ, mo sì kábàámọ̀ ìbéèrè náà kó tó kúrò lẹ́nu mi tán.

“Ó kú,” ó ní. “Ó dìde lórí àga, ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ sí ọsibítù. Inú àlejò yẹn ló ti máa ń dán nǹkan wò. Ó yẹ kí n ti pa á rẹ́ tipẹ́. Mi ò lè tẹ àṣẹ náà. Mo wá ní ọmọ Ọ̀kà yìí ò mọ̀ ọ́n, kó bá mi tẹ̀ ẹ́.”

“Ó ń dáhùn, sà.”

“Kí ló ń dáhùn?”

“Àlejò náà. Mo kí i. Ó ní òun ń bọ̀.”

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ní kí n kà á bó ṣe wà gan-an, mo sì kà á.

“Ohun tó sọ nìyẹn,” ó ní. “Nígbà tó ń dìde. ‘Mò ń bọ̀.’ Bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́ tí a bá ń jáde lọ. Ó ní láti jẹ́ pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó kúrò, kí ẹni tó bá wá a mọ̀ pé òun ò ní pẹ́. Èmi ò kọ nǹkan kan sí àlejò náà rí, ẹ̀rù ń bà mí láti kí i.”

Mo ń retí. Iṣẹ́ mi wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde.

“Sìn ín,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀. “Kọ orúkọ mi sí ipò olówó rẹ̀. Tí wọ́n bá ní èéṣe, èmi ni wọ́n á bi.”

Mo kọ ọ́, mo sì tẹ àṣẹ náà. Bí wọ́n ṣe ń sin àlejò ni pé onílé àtijọ́ á máa kó ìrántí rẹ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àlejò náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá wá kù díẹ̀, á dá a dúró, á kó èyí tó kù, onílé tuntun á sì jí i. Àkókò kékeré kan wà láàárín ìdúró àti ìjí yẹn tí àlejò kò sí níbí, tí kò sì sí lọ́hùn-ún. Tí a bá bi onílé méjèèjì nígbà náà, kò sí èyí tó lè sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló wà. Pẹ̀lú àwọn yòókù, mi ò tilẹ̀ rí àkókò yẹn. Ti èyí gùn. Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló mú kó gùn lójú mi. Mo di etí tábìlì mú.

Orúkọ rẹ̀ jáde ní ilé tuntun.

“Ó ti dé, sà.”

“Kí i.”

Mo kọ ọ́: E KU ISE O. Ojú dúdú náà dúró bó ṣe wà. Mo tún un kọ. Kò sí nǹkan kan.

“Kò dáhùn, sà. Ó jí, mò ń rí i tó ń lo agbára díẹ̀díẹ̀. Bóyá ohun tó so ètò ìdáhùn yẹn mọ́ onílé àtijọ́ ni kò bá a wá, màá yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá…”

“Má yẹ nǹkan kan wò,” ọ̀gá mi ní. Ó ti ń sunkún, àbí ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀. “Ó ti dé ni. Kí ló tún fẹ́ máa sọ pé òun ń bọ̀ fún?” Lẹ́yìn náà ló ní àwọn ti fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, kí n lọ sinmi, pé èmi ni màá máa tọ́jú àlejò náà láti òní lọ.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn díẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mò ń wo àlejò tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mi ò sì yíjú wo ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mi, kí n má baà rí ẹni tó ti dé, títí Àlàájà fi pè mí láti ìsàlẹ̀ pé àwọn fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù.