Omi Tí Tẹlifíṣọ̀n Fún Wa

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Yasir. Mùjíbátù ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ní abà wa, Ìdí-Ìyeyè, ní apá Akínyẹlé, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ àfi Baálẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé gírámà. Gàrí ni wọ́n ń ṣe. Apá wọn le nítorí àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbé, òógùn sì máa ń bo ojú wọn nídìí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí.

Wọn kò kàwé nígbà èwe. Nígbà tí Yasir, àbígbẹ̀yìn wọn, bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, àwọn náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní Mọ́níyà, wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Láti ìgbà náà, wọn kì í tẹ̀ka sí ìwé kankan mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé yíǹkì síwájú wọn, wọn á tì í sẹ́yìn, wọn á ní, "Ẹ fún mi ní bírò." Wọn á wá tẹ orí ba, wọn á máa kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kán wọn lójú.

Omi ni ìyà tó ń jẹ abà wa. Odò kan ṣoṣo ni à ń pọn, inú rẹ̀ náà ni màálù ń wọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹrẹ̀ ló máa ń kù. A ó fi igbá bù ú, a ó sì dúró kí ó tòrò. Lọ́dún tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ Onórébù wa wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n gbé táǹkì dúdú sórí irin, wọ́n lẹ àwòrán Onórébù mọ́ ọn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Omi kò jáde níbẹ̀ rí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ọmọ Gbọ́njúbọ́lá, aládùúgbò wa, ya ìgbẹ́ gbuuru, tó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé Mọ́níyà. Ọmọ náà ti ń pe orúkọ mi.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí a gbọ́ pé ẹgbẹ́ aláàánú kan, tó ní ọ́fíìsì ní Ọlọ́runṣògo, n'Ìbàdàn, fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abà kan tí kò lómi ní agbègbè wa. Ọ̀kan péré ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Akọ̀ròyìn tẹlifíṣọ̀n kan, Sanmí, ní òun máa wá ya bí a ṣe ń pọn omi, kí ẹgbẹ́ náà lè rí i pé òótọ́ là ń sọ. Baálẹ̀ ní àwọn obìnrin ló ni ọ̀rọ̀ omi, kí Ìyá Yasir tó jẹ́ olórí wọn bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Sanmí, Ìyá Yasir lè bí i. Síbẹ̀, bí ó ti gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n kúnlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ rojọ́ fún àlejò yóò kọ́kọ́ kí i, yóò dúpẹ́, yóò ṣàdúrà fún un, kó tó sọ ohun tó ń dùn ún.

"Ẹ kú ìrìn o," ni wọ́n wí. "A dúpẹ́ o, a dúpẹ́ gan-an ni. Bí ẹ ṣe rántí wa lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, Ọlọ́run á rántí yín. Ẹ̀yin náà ò ní mọ òùngbẹ."

Gbogbo wa ṣe àmín. Nígbà náà ni wọ́n dìde, tí wọ́n mú un lọ sódò. Wọ́n bu omi sínú ife, wọ́n nà án sí i.

"Ẹ tọ́ ọ wò."

Sanmí wo ife, ó wo Ìyá Yasir. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá oníròyìn, ẹ mu ún jàre! Kókó tútù la fi ṣe yín lálejò!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ ìgboro ni. Ìfun ẹ̀ ò tíì gba ìwé ẹ̀rí."

Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mu ún. Ó ya ẹrẹ̀ náà, ó ya ẹsẹ̀ màálù nínú rẹ̀, ó ya ẹ̀rọ tó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Níkẹyìn Gbọ́njúbọ́lá jáde síwájú, ó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí wa rí. Sanmí pa kámẹ́rà, ó nu ojú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ohun tí Sanmí yà jáde, Baálẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kí ìrun tán, gbogbo abà pé jọ. Obìnrin tó ń ka ìròyìn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn obìnrin Ìdí-Ìyeyè ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Onórébù wọn fún omi ẹ̀rọ. Wọ́n gbé táǹkì jáde. Wọ́n gbé Ìyá Yasir jáde lórí ìkúnlẹ̀: "A dúpẹ́ o, a dúpẹ́ gan-an ni. Bí ẹ ṣe rántí wa lórí ọ̀rọ̀ omi yìí, Ọlọ́run á rántí yín."

Lẹ́yìn náà ni ìwé kan bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni. Ó ní omi ti ń yọ lábà wa láti ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀tá Onórébù ló ń parọ́ kiri. Wọ́n kọ "Alhaja Mujibatu, olórí àwọn obìnrin" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìtẹ̀ka dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Kò sí odò níbẹ̀. Kò sí Gbọ́njúbọ́lá.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Yasir.

"Àlàájà," ni Gbọ́njúbọ́lá wí. "Mẹ́kà ọjọ́ wo lẹ lọ, tá ò bá yín jẹ nínú dàbínù?"

"Gbọ́njú, èmi kọ́. Mi ò tẹ̀ka. O mọ̀ pé n kì í tẹ̀ka."

"Ojú mi ló rí yín yìí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ̀ ń dúpẹ́ omi. Omi wo? Èyí tó pa ọmọ mi?"

"Ìwọ náà wà níbẹ̀! Ìwọ náà ṣe àmín!"

"Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí."

Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó lọ. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àárọ̀, Ìyá Yasir ní kí n bá àwọn pe Sanmí.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo kó fún wọn. Ọmọ ẹ̀yìn Onórébù ló gbé ìwé yẹn wá bá ọ̀gá wa. Ọ̀gá ní ká gé ìyókù dànù."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé n kì í tẹ̀ka?"

"Mo sọ, mà. Wọ́n ní tí mo bá tún sọ ọ́, kí n máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé èyí tó kù jáde."

"Wọ́n ti pa á rẹ́, mà."

Ìyá Yasir dá fóònù padà fún mi, wọ́n sì lọ bó ẹ̀gẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ aláàánú náà. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, nítorí wọn kò fẹ́ èébú kankan nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo obìnrin abà fọwọ́ sí i kí ẹgbẹ́ náà lè gbà wá gbọ́. A gbé e láti ilé dé ilé.

"Orúkọ mi ò ní wọ ìwé kankan mọ́ láyé," ni obìnrin kan wí. "Tiyín tó wọ̀ ọ́, ṣé ẹ rí i bó ṣe rí?"

Òmíràn ní ọkọ òun ò sí nílé. Baálẹ̀ pàápàá, tí a ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, ní ojú ń dun àwọn. Gbọ́njúbọ́lá kò ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Yasir nìkan ló kọ orúkọ sí i. A wọ ọ̀kadà dé Mọ́níyà, a wọ ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà fi ìròyìn tẹlifíṣọ̀n náà hàn wá lórí fóònù rẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ nìyí, mà?"

"Èmi ni. Àlejò ni mo kí."

"Ẹ̀ ń dúpẹ́ omi níbí o. Ìtẹ̀ka yín náà nìyí."

"Kì í ṣe tèmi. Ẹ wá wo abà wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn wá wò ó."

"Mà, abà tó ń bẹ̀ wá pọ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fọwọ́ sí i?"

Ìyá Yasir fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. A wọ ọkọ̀ padà sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ńlá tí ẹgbẹ́ náà fi ń gbẹ́ kànga gba ojú títì wa kọjá lọ sí abà mìíràn. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo, wọ́n rò pé yóò yà. Àwọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn títí eruku fi rọlẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá Yasir lọ pọnmi. Gbọ́njúbọ́lá àti àwọn kan ti wà létí odò. Ìyá Yasir kí wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń pọnmi wọn lọ. Ìyá Yasir gbé kẹ́ẹ̀gì wọn sílẹ̀ lókè ibẹ̀, wọ́n jókòó sórí òkúta, a sì dúró kí àwọn yòókù pọn tán, kí a tó wá bu èyí tó kù, tí ẹrẹ̀ ti rú pọ̀ mọ́.