Kápúsù Tí Nọ́ọ̀sì Gbé Wá sí Oko Ọba

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan wá bá àwa ẹlẹ́ran sọ̀rọ̀ ní odò ẹran Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Èmi àti ìyá mi la jọ ń ta ẹran níbẹ̀. Bí ara bá ti ro ìyá mi, kápúsù apakòkòrò ẹyọ kan péré ni wọ́n máa ń gbé mì, títí egbò kan tó wà lẹ́sẹ̀ wọn kò fi gbọ́ oògùn mọ́.

Nọ́ọ̀sì bi wá pé: "Màlúù tí ẹ ṣá tí kò kú, tó já okùn sá lọ, ṣé ẹ tún lè rí i mú wẹ́rẹ́?"

Àwọn alápatà pariwo: "Láéláé! Ó ti gbọ́n!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò àìsàn tí ẹ fi oògùn tí kò pé lù. Tó bá ti gbọ́n, apá oògùn kò ní ká a mọ́."

A pàtẹ́wọ́. Ó wá ní ká gba páálí kápúsù kan wò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí páálí padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣófo.

"Kápúsù mi dà?"

Alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́ran wa dìde. "Nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n bá pín nípàdé, a kì í dá a padà."

Mo wo ìyá mi. Wọ́n ti ń fi omi sin tiwọn lọ́nà ọ̀fun. "Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti fúyẹ́," ni wọ́n wí.

Àfi bí nọ́ọ̀sì ṣe bú sẹ́rìn-ín: "Mo kúkú mọ̀ yín! Gààrí ni mo rọ sínú gbogbo rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá na ọwọ́ sí kápúsù tí dókítà kò kọ fún wọn, n kì í jà. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé: "Màámi, ṣé kí n bu ṣúgà sí i?"