Omi Tí A Fi Se Elégédé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Aránṣọ fi jókòó sí yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń lẹ aṣọ ibùsùn tó ya, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ìbora, ó sì ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, téèpù rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ orí oúnjẹ ló wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ilé ìdáná, ìwọ̀n parí nìyẹn. Ọwọ́ ló fi ń bu fúláwà, ojú ló fi ń wo ṣúgà, imú ló sì fi ń mọ̀ pé ohun tó wà nínú àdìrò ti jinná. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bó ṣe ń ṣe kéèkì elégédé rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é ni."

Kéèkì náà kì í ṣe ràbàtà. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, méjìlá lẹ́ẹ̀kan, nínú páànù oníhò méjìlá. Ohun mẹ́jọ ló ń wọ inú rẹ̀: elégédé, fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin, mílíìkì, iyọ̀ bíńtín, àti páúdà tó ń mú kéèkì wú. Ìkẹsàn-án, tí òun fúnra rẹ̀ kì í kà mọ́ wọn, ni omi tó fi se elégédé. Ìyá rẹ̀ kì í da omi yẹn nù. "Ara elégédé ló wà nínú ìkòkò," ni ìyá náà máa ń wí, "ẹ̀mí rẹ̀ ń bẹ nínú omi." Díẹ̀ nínú rẹ̀ a wọ inú fúláwà tí wọ́n pò, wọ́n a sì mu ìyókù ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ Aránṣọ ti mọ èyí láti ìgbà tí orí rẹ̀ kò tíì ga tó tábìlì. Ẹni tó bá ní kó da omi elégédé nù, bí ẹni ní kó fi aṣọ tuntun nu ilẹ̀ ni.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òun ló sì kan gbogbo ohun tó ní ẹsẹ̀ nínú ilé wọn, yàtọ̀ sí ológbò. Kéèkì yìí ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n pè é wá tún tábìlì yàrá ìránṣọ ṣe; ó jẹ ẹyọ kan nínú èyí tí Aránṣọ gbé wá láti ilé, ó jẹ èkejì, ó sì sọ pé tábìlì náà kò tíì dúró dáadáa, òun yóò padà wá lọ́la. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń padà wá nítorí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn obìnrin yòókù nínú yàrá náà ní kó kúkú mú ìyàwó lọ, kí tábìlì sinmi.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni kíndìnrín Káfíńtà kọṣẹ́. Ó wá di dandan kó máa lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, àti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ náà kò ṣòro fún un tó oúnjẹ. Ohunkóhun tó bá fi sẹ́nu, irin ló ń dà.

"Ìṣó ni gbogbo rẹ̀ ń dà lẹ́nu mi," ló wí. "Ogójì ọdún ni mo fi ń ha ìṣó sẹ́nu kí n tó kàn án. Ó jọ pé wọ́n ti padà wá kí mi."

Káfíńtà tó ń wọn kílò mọ́kànléláàádọ́rin tẹ́lẹ̀ wá ń wọn mẹ́rìnléláàádọ́ta. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí ara náà bá tún rù sí i, kò ní lè gba ẹ̀rọ mọ́. Ó ní kí wọ́n wá ohunkóhun tí Bàbá bá lè jẹ.

"Kí lẹ lè jẹ?" ni Aránṣọ bi í.

"Kéèkì elégédé rẹ."

Èyí ló mú kí tọkọtaya náà jókòó níwájú obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú, tó di bírò mú bí ẹni fẹ́ gún abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ ka ohun tó ń wọ inú rẹ̀ fún mi."

Aránṣọ ń kà á, bírò ń fa igi lé e. Iyọ̀ lọ. Mílíìkì lọ. Páúdà tó ń mú kéèkì wú di ìdajì. Nígbà tí wọ́n dé orí elégédé, ọ̀dọ́bìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Orí elégédé gan-an lọ̀rọ̀ wà, Màmá. Iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Kíndìnrín Bàbá kò lè lé e jáde mọ́. Bó bá pọ̀ lára wọn, ó lè dá ọkàn wọn dúró lójijì."

"Kéèkì elégédé tí kò ní elégédé," ni Káfíńtà fèsì láti orí àga rẹ̀. "Àga tí kò ní ìjókòó nìyẹn. Ẹ kúkú ní kí n dúró."

Ẹ̀rín pa ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: kí wọ́n gé elégédé wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n tún sè é nínú omi mìíràn, kó má ju kéèkì kan lọ lójúmọ́. Aránṣọ ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò.

Láti ọjọ́ náà ni ìwọ̀n ti wọ ilé ìdáná. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré, ó ya ìwé àjákọ kan sọ́tọ̀, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń wọn èjìká oníbàárà. Kéèkì àkọ́kọ́ le koko. Káfíńtà gbá a mọ́ etí tábìlì, ó tẹ́tí sí i.

"Igi wo rèé? Ó máa gba ìṣó o."

"Ẹ jẹ ẹ́, ẹ yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Èkejì funfun báláú, ó sì tẹ́. Omi ẹ̀rọ ló fi dípò mílíìkì, adùn ẹ̀rọ náà ló sì ní. Káfíńtà bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ó dùn," pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn fi ń kí àlejò tí kò pè. Ẹ̀kẹta wú lápá kan, ó wó lápá kejì. Ó ní òun yóò bá a fi ayùn gé e dọ́gba, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́. Àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń gbé ìlú mìíràn, pè lórí fóònù.

"Màmá, ẹ ra èyí tó wà nínú páálí fún wọn, kí ẹ sinmi."

"Ṣé páálí ló fẹ́ mi ni?"

Ní Ọjọ́rú, òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn sọ méjìléláàádọ́ta. Omi wá fẹ́ pọ̀ ju ọkà lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Aránṣọ gé odidi elégédé kan wẹ́wẹ́. Ó sè é nínú omi púpọ̀, ó yọ ọ́. Ó sè é nínú omi mìíràn, ó tún yọ ọ́. Kò fo ìlà kan nínú ohun tó wà nínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé omi àkọ́kọ́ sínú abọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ló da èkejì lé e. Ó wò ó, ó pọ̀ jù, ó sì ṣàn jù. Ó gbé e padà sórí iná títí ó fi ku ife méjì, tó pọ́n, tó sì ki bí oyin. Ó rò ó pé òun ti rí ohun tí yóò rọ́pò mílíìkì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọ orin bó ti ń po kéèkì náà, tó sì gbé e sínú àdìrò.

Òórùn náà gba gbogbo ilé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ lọ bá lórí ibùsùn fún oṣù kan.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ rọra jókòó. Kò tíì tutù."

Kò dúró kó tutù. Ó jẹ ọ̀kan, ó pa ojú dé. "Èyí gan-an ni," ló wí. "Ìyàwó mi ló ṣe èyí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀, n kò mọ ẹni tó ṣe wọ́n." Ó na ọwọ́ sí èkejì.

"Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo, Bàbá."

"Ọ̀kan fún kíndìnrín ọ̀tún. Ọ̀kan fún tòsì. Ọ̀kan fún ẹ̀rọ, torí òun ló ń ṣiṣẹ́. Ṣé wàá wá fi ebi pa èmi alára?"

Mẹ́rin ló jẹ. Ife omi elégédé tó ṣẹ́kù, ó mu ún tán bí ẹni ń mu tíì. Ó yẹ kí Aránṣọ dá a dúró, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìyàn tó ń lọ tí yóò sọ pé kó dúró? Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa igi méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ Káfíńtà kò gbé e. Àwọn aládùúgbò méjì ló bá Aránṣọ gbé e sínú ọkọ̀. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó so okùn mọ́ àyà rẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì sáré jáde. Ènìyàn márùn-ún ló wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí Màmá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́bìnrin awò ojú ti bá a. "Màmá, kí ni Bàbá jẹ láti àná?"

Aránṣọ fa ìwé àjákọ yọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ lórí èyí. Gbogbo ìwọ̀n ló wà níbẹ̀, kò sí àṣìṣe. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kẹfà, ìka náà dúró.

"Omi wo rèé, Màmá?"

"Omi elégédé. Mo fi dípò mílíìkì tí ẹ yọ."

"Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi sè é ni, àbí èkejì?"

"Méjèèjì. Mo sè wọ́n kí wọ́n lè ki."

Ọ̀dọ́bìnrin náà jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, torí kí pòtásíọ̀mù lè bọ́ sínú omi la ṣe ní kí ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì. Inú omi ni gbogbo rẹ̀ lọ." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. N kò kọ ọ́ pé kí ẹ dà á nù. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹnì kan á tọ́jú rẹ̀."

Ìbá ṣe pé ó bú u, ìbá sàn. Aránṣọ dìde, ó lọ dúró síbi gíláàsì ilẹ̀kùn. Wákàtí márùn-ún ni ẹ̀rọ fi ń yí ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ jáde, tó ń yí i padà. Kò sí ohun tó lè lẹ̀, kò sí ohun tó lè ṣẹ́ létí, kò sí bọ́tìnnì kan tó já. Téèpù ọrùn rẹ̀ ló ń ká, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde wá, ó gbá a mọ́ra.

"Ẹ farabalẹ̀, Màmá. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Aránṣọ mi orí. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní, omi náà ìbá dànù.

Wọ́n jẹ́ kó wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ètè Káfíńtà gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó dùn, àbí kò dùn?"

"Ó fẹ́ẹ́ pa yín."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ó dùn," ni Aránṣọ wí, omijé sì gba ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń dà á nù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó da omi elégédé sí ojú gọ́tà, ó dúró tì í títí àwọ̀ pupa náà fi lọ tán. Kéèkì tó ṣe jáde lẹ́yìn ìyẹn bá ìwé mu ní gbogbo ọ̀nà: kò le, kò tẹ́, kò wó. Kò sì ní òórùn kankan. Ó gbé ẹyọ kan fún Káfíńtà nínú àwo, ó lọ bu omi wá, nígbà tó fi máa dé, àwo ti ṣófo.

"Ó dára," ni Káfíńtà wí. "Mo ti jẹ ẹ́ tán."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Aránṣọ kọ ọ́ sínú ìwé: Àbámẹ́ta, ó jẹ ẹ́ tán, Àìkú, ó jẹ ẹ́ tán, Ajé, ó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tí òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn sọ mọ́kànléláàádọ́ta, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá òṣùwọ̀n náà ti bàjẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó kó aṣọ jọ fún fífọ̀. Aṣọ ilé tí Káfíńtà ń wọ̀ sórí ibùsùn wà lára wọn, èyí tí Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó sì rán àpò rẹ̀ kó jìn dáadáa, nítorí pẹ́ńsù àti rúlà oníṣẹ́ igi. Ó ti ọwọ́ bọ àpò náà kó tó rì í sínú omi, bó ti máa ń ṣe sí gbogbo aṣọ. Ó kan aṣọ ìnujú tí wọ́n dì ní kókó. Ó tú u. Kéèkì márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ bí òkúta. Wọn kò fọwọ́ kan mẹ́ta. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ní ojú eyín kan, kékeré, bí ìgbà tí ènìyàn gbìyànjú.

Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sórí ìdí garawa tó dojú dé, aṣọ náà lórí itan rẹ̀.

"Ìyàwó mi!" Ohùn Káfíńtà ti inú yàrá wá. "Ti òní ò tíì jinná ni? Ebi ń pa mí o."

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Ó gbọn inú àpò náà mọ́. Ó mú aṣọ ilé mìíràn tó mọ́ láti orí okùn, ó mú aṣọ ìnujú kan tó mọ́ pẹ̀lú, ó ká a ní igun mẹ́rin bó ti tọ́, ó sì rọra fi í sínú àpò aṣọ tó mọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ló ṣí àdìrò, ó mú ẹyọ kan sínú àwo, ó sì gbé òun àti aṣọ náà wọlé tọ Káfíńtà lọ.