Ọjọ́ Tí Mo Ṣílẹ̀kùn fún Ìyá Ọkọ

Èéfín ààtàn Solous ló máa ń kọ́kọ́ kí wa káàárọ̀ ní ọ́fíìsì wa n'Ígàndó, kí òórùn oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi nulẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, IT oṣù mẹ́ta ni mo wá ṣe. Àwọn tí ọ̀daràn ti ṣe ní jàǹbá là ń ràn lọ́wọ́: à ń bá wọn lọ sí ọsibítù, à ń bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá, à ń jókòó tì wọ́n ní kóòtù. Ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé mo ti gbọ́n tán.

Aránṣọ kan láti Ìdímù ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ti fi irin ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ. Ọkùnrin náà wà látìmọ́lé, ó sì ti lérí pé bí òun bá jáde, ọwọ́ òsì ló kàn. Ọjọ́ Ajé ni aránṣọ máa lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Bí kò bá lọ, wọ́n á tú ọkọ sílẹ̀. Òfin kan ni ọ̀gá mi tẹnu mọ́: ará ilé ọkùnrin náà kankan ò gbọdọ̀ wọlé wá bá a.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá mi jáde, aránṣọ tó wá bá wa múra ẹjọ́ wà ní yàrá inú, ìyá àgbà kan sì kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ni ìyá ọkọ rẹ̀. Oòrùn ń pa wọ́n, òógùn bo ojú wọn. Ta ló bí mi tí màá fi irú àgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lóòrùn? Mo ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé àga fún wọn, mo lọ bu omi. Kí n tó dé, màmá ti wọ yàrá inú, wọ́n ti ṣí gèlè, wọ́n wà lórí eékún méjèèjì níwájú aránṣọ.

"Ìyàwó mi, nítorí ọmú tí ọmọ mi mu, gbà mí!"

Aránṣọ fò dìde bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. O mọ bó ṣe rí láàárín wa kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé: ẹ̀rù èpè á ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí èèyàn tó ronú.

"Ẹ dìde, Màmá. Mi ò ní lọ mọ́."

Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi. Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi, mo ń retí kí wọ́n lé mi. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ tó dà á nù, lọ pọn òmíràn."

Lọ́jọ́ Ẹtì mo lọ sí Ìdímù, aránṣọ ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri, nítorí mo ti pinnu pé kò ní máa ru ẹ̀bi tèmi kiri. Lọ́jọ́ Àìkú ó wá jókòó tì mí, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ wà nínú POP.

"Àǹtí, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ la máa ṣe, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tiyín, kó má jẹ́ ti ìpayà."

"Àbúrò, tí mo bá lọ, wọ́n á ní mo tàbùkù àgbà."

"Ṣé ẹ ń bínú sí màmá ni?"

"Kí ni màmá ṣe fún mi jàre?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Màmá kọ́ ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́ ṣá."

Lọ́jọ́ Ajé, màmá ti jókòó ní kóòtù kí èmi àti aránṣọ tó dé. Aránṣọ lọ tààrà síwájú wọn, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó bọ́ síwájú adájọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún àgbà gbọ́dọ̀ gbà fún un. Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe dòní, àwọn àgbà ṣì ń kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nítorí ọmọ wọn. Èmi náà á kúnlẹ̀, a ó jọ wà nílẹ̀, màá sì sọ fún wọn láti ibẹ̀ pé rárá.