Ìbọ̀sẹ̀ tí Fọláwùnmí Gbé Wá fún Bàbá Rẹ̀

Barrister Ọbáfẹ́mi Dúrósinmí ti kú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ báyìí, ní gbangba, láìfi bò, nítorí pé gbogbo ohun tó ń bí mi nínú lónìí, ẹnu tí kò lè sọ gbólóhùn kékeré yìí ló dá a sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ láti Hamburg. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lójú ọ̀nà, wọ́n gbé e sọ̀ ní Spandau, ní etí Berlin, ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ náà ló kú sí. Ẹni tó ti jókòó nílé aṣòfin ní Kánádà rí, kò sí ẹni tó dúró tì í lọ́jọ́ náà ju nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ pè.

Ta ni Dúrósinmí? Ọmọ Ìkirè ni. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó lọ sí Kánádà, ó ń gbálẹ̀ ilé ìwé ní alẹ́, ó ń ka ìwé òfin ní ọ̀sán, títí ó fi di lọ́yà. Awakọ̀ takisí, àwọn tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, àwọn tí ìjọba fẹ́ dá padà sílé, àwọn wọ̀nyí ló ń gba ẹjọ́ wọn rò. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí ẹjọ́ rẹ ò bá dára, á wò ọ́ lójú, á ní, "A máa pàdánù èyí o. Ẹ jẹ́ ká ronú ohun tí a máa ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́." Wọ́n á sunkún, wọ́n á tún padà wá bá a, torí wọ́n mọ̀ pé bó bá ṣe sọ ọ́ náà ló rí.

Ẹnu yẹn ló gbé e dé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, ẹnu yẹn náà ló sì gbé e kúrò. Nígbà tí ìbò tún dé, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kó lọ fọkàn àwọn ará àdúgbò rẹ̀ balẹ̀ pé wọn ò ní ti ilé ìwòsàn wọn pa. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dúró níwájú wọn, ó ní, "Wọ́n máa tì í. Mo bá wọn jà, wọn ò gbọ́." Ẹgbẹ́ bínú, àdúgbò bínú, ó sì fìdí rẹmi. Ṣé ẹ rí bí òṣèlú ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olóòótọ́?

Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí nígbà náà. Fọláwùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Winnipeg, ní Kánádà níbẹ̀. Ìpàdé àwọn amòfin ló gbé Dúrósinmí wá sí Berlin, àwọn ọmọ wa kan ló sì mú un lọ sí Billbrook ní Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù nílé ìkẹ́rùsí. Ó rí bí wọ́n ṣe ń lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ láìsí àlàyé, kò sì lè padà lọ mọ́. Ó gba yàrá sí Marzahn, ní Berlin. Kò ní àṣẹ láti gba ẹjọ́ rò ní Jámánì, ṣùgbọ́n ó ń bá wọn wá lọ́yà, ó ń bá wọn lọ, ó ń jókòó tì wọ́n. Akínpẹ̀lúmi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Billbrook náà, sọ fún mi pé, "Daddy ò ní sọ fún ẹ pé it is well o. Wọ́n á ní, 'Akin, case yìí le gan-an. Ṣùgbọ́n mo wà ńbẹ̀.' Mo wà ńbẹ̀ yẹn, òun ni mo fi ń rí oorun sùn."

Ó dáa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kú. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́? Ọmọ rẹ̀, àbí? Alàgbà Olúsọjí, alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Berlin, ló ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀níkẹ́, tó ń ṣe irun ní Spandau, wọ́n sì pe Winnipeg níṣojú gbogbo wọn. Ayọ̀níkẹ́ fúnra rẹ̀ ló rò ó fún mi. Alàgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Fọláwùnmí, ọmọ mi, ṣé dáadáa ni? Ara Daddy ni ò yá díẹ̀."

"Háà! Kí ló ṣe wọ́n, sà? Ṣé kí n máa bọ̀ ni?"

"Rárá o, má panic. Parí ohun tó ò ń ṣe. Wọ́n wà lọ́wọ́ dókítà."

"Ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sinmi."

Ọmọ náà béèrè ohun tí bàbá òun nílò kí òun lè gbé e dání. Alàgbà wo ojú àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀. "Bóyá ìbọ̀sẹ̀," ló wí. "Ẹsẹ̀ wọn ń tutù."

Mo mọ àṣà yìí dáadáa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í já irú ìròyìn yìí lu èèyàn lórí fóònù. A máa ń pe onítọ̀hún wálé, a ó fi í jókòó, a ó bu omi fún un, àgbà á yí i ká, ká tó la ẹnu. Ìfẹ́ ló bí àṣà náà, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ olóògbé ń gbé ní ìlú kejì, tó lè dé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ta ló sọ fún Alàgbà pé Winnipeg wà lẹ́yìn Gbọ̀ngán?

Ní Jámánì, òfin kì í dúró de òkú títí. Bí ẹbí kò bá yọjú, Amt, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, á gbé e, á sun ún, á sì sin eérú rẹ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ Amt pe Alàgbà, ó ní ta ni ẹbí rẹ̀? Alàgbà ní ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Obìnrin náà ní kó fún òun ní nọ́ńbà ọmọ náà. Alàgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó yíjú sí ìgbìmọ̀, ó ní, "Ṣé kí òyìnbó yẹn wá pe ọmọ ọlọ́mọ, kó ní bàbá ẹ ti kú, tschüss, ó dàbọ̀? Ojú ò ní tì wá bí?" Gbogbo wọn ní òótọ́ ni. Jasmin nìkan, ọmọ Ayọ̀níkẹ́, obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn, ló ní, "Mama, ihr müsst es ihr sagen. Heute noch." Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ẹ̀yin Amt náà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Tí ọ̀kan nínú wa bá kó lọ sílé tuntun láìsọ fún yín, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń wá a rí. Ẹni tó ti ṣe aṣòfin, tí àwòrán òun àtọmọ rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò wá rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní? Àbí òkú dúdú ni kò tó ohun tí ẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà?

Fọláwùnmí parí ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tí Ayọ̀níkẹ́ lọ pàdé rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ onírun tó nípọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé ìwòsàn wo là ń lọ, mà?" ló ń bi í. Wọ́n mú un lọ sí pálọ̀ Alàgbà. Wọ́n fi í jókòó. Wọ́n bu omi fún un. Àgbà yí i ká. Gbogbo ètò náà pé, kò sí ohun tó yẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un tán, ó ní, "Ẹ mú mi lọ wò wọ́n." Kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn án? Amt ti sun ún kó tó dé. Eérú rẹ̀ wà ní pápá kan tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, koríko lásán ni. Ọmọ náà ń rìn lórí koríko yẹn tòun tìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ó ń béèrè pé apá ibo ni, kò sì sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ibì kan. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ náà padà sí Kánádà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ wá gbé àwòrán bàbá náà síta pé àwọn ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sódì.

Kí ni mo lè ṣe? Mi ò lè kó eérú jọ. Ọkùnrin tí kò fi irọ́ wé òótọ́ rí fún aláìní, irọ́ tí a fi ìfẹ́ wé ló gba òkú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dùn mí, kò sì sí ohun tí ìbínú mi lè dá padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Dúrósinmí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin ní Ìkirè, Ìyá Oyèníkẹ́, arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹ mọ ohun tí Alàgbà ń sọ fún wọn títí dòní? Pé ara àbúrò wọn ti ń mókun bọ̀. Ìyá náà ń gbààwẹ̀ fún ìwòsàn ẹni tí a ti sun. Fọláwùnmí fẹ́ sọ fún wọn, àwọn àgbà ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo tọrọ nọ́ńbà ìyá náà, Alàgbà ní ṣé mo fẹ́ fi kálámù pa arúgbó ni.

Nítorí náà, Alàgbà Olúsọjí, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Amt gbọ́dọ̀ sọ ibi tí bàbá yìí wà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ láti fún wọn ní nọ́ńbà ni kí ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi ṣe é. Ẹ kọ̀wé sí Fọláwùnmí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, kí ẹ fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Sunday, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, ẹ pe Ìkirè. Ẹ ní kí àwọn ará ilé jókòó ti ìyá náà, kí wọ́n bu omi fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ la ẹnu yín. Gbólóhùn náà kò gùn. Mo ti bá yín kọ ọ́ sókè níbẹ̀.